Ọmọ tó ń pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n: ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi wá jù ní Ilé-Ifẹ̀

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ kì í parí kí àwọn ìbéèrè yìí má jẹyọ, yálà ní Lágéré ni tàbí ní Modákẹ́kẹ́. A kó wọn jọ síbí, a sì tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ní lọ́kàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá àwọn ti JSS náà mu.

Ọmọ mi máa ń pẹ́ kó tó mọ nǹkan. Ṣé olódo ni?

Rárá. Kí ọmọ pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kó má lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ka ìwé Yorùbá bí ẹni ń mumi lè jókòó ti ìṣirò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí oníbàárà kankan ò lè rẹ́ jẹ ní ṣéńjì nídìí ọjà ìyá rẹ̀ lè gba òdo nínú ìdánwò ìṣirò, nítorí pé kò lè ka ohun tí ìbéèrè wí.

Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ fi ipò tó gbé sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí ojú ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Bí àṣìṣe ìgbà yẹn bá ti yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí, ọmọ yín ń lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò ogún ló gbé. Bó bá jẹ́ àṣìṣe kan náà ló ń tún ṣe, a jẹ́ pé ó há síbì kan.

Kí ló dé tó fi máa ń tètè sọ pé "mi ò ṣe mọ́"?

Ọ̀pọ̀ òbí á ní ọ̀lẹ ni. Nínú ohun tí ojú wa ń rí, ọ̀lẹ kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà ga ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ, tàbí kí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, tàbí kó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ láìrí àmì kankan pé òun ń kúrò lójú kan. Àgbà pàápàá kì í pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ fún un ní irú iṣẹ́ kan náà láti inú ìwé kíláàsì tó ti kọjá. Bó bá gbájú mọ́ ọn tó sì parí rẹ̀, gíga iṣẹ́ náà ló ń dà á láàmú. Bó bá kọ̀ tí kò fọwọ́ kan èyí náà, ẹ̀rù tàbí ìtìjú ló wà nídìí ọ̀rọ̀, kò sì sí àlàyé ìṣirò tó máa wo ìyẹn sàn.

Ìwàásù kì í sọ ọmọ di onífaradà. Ọmọ máa ń forí tì í lónìí nítorí pé ó forí tì í lánàá, ó sì bọ́ sí i. Iṣẹ́ òbí ni láti gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́ dé ibi tí ọmọ á ti lè rí ohun tó jèrè kó tó dìde níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó há sí gan-an?

Ẹ má bi í pé "kí ni kò yé ẹ?" Bó bá mọ̀ ọ́n, kì bá tí há. Ẹ ní kó ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan lójú yín, kó máa sọ ohun tó ń ṣe sókè bó ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin ẹ pa ẹnu mọ́ ní tiyín. Èyí le fún ọ̀pọ̀ òbí ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò pínpín: 156, pín in sí ọ̀nà 6. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ nǹkan báyìí lẹ́nu rẹ̀: "1 kéré sí 6, mo mú 15. 6 lọ́nà 2 jẹ́ 12. 15 yọ 12, ó ku 3. Mo sọ 6 kalẹ̀, ó di 36. 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Ìdáhùn jẹ́ 26." Ọmọ tó ní 206 ti kọ òdo sí àárín nígbà tó rí i pé 3 kò tó 6 pín, kó tó sọ 6 kalẹ̀. Èyí tó ní 25 kí ó sì ṣẹ́ ku 6 kò tíì mọ̀ pé ohun tó ṣẹ́ kù kò gbọ́dọ̀ tó iye tí a fi ń pín. Ẹni tó ní 15 yọ 12 ku 4, àyọkúrò ni tirẹ̀. Ẹni tó sì ń ka ìka kó tó rí 6 lọ́nà 6, ó mọ ọ̀nà pínpín dáadáa, àtẹ ìsọdipúpọ̀ ni kò tíì mọ́ ọn lórí. Olùkọ́ á fa ìlà pupa sí gbogbo wọn bákan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìsàn wọn ò jọra.

Ibi kan náà tí ẹ rí yẹn ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀ 6 ni, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, láìfọwọ́ kan pínpín rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé 156 yẹn padà wá fún un, ìyẹn gan-an, kó rí i pé ohun tó ṣẹ́gun òun ní ọjọ́sí ni òun ń ṣe yìí.

Kíkàwé ni tirẹ̀. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Láti Yorùbá ni, àní bí ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì lásán ló ń lọ. Lẹ́tà wa 25 ni, fáwẹ́lì àfẹnupè sì jẹ́ 7, ohùn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń pè kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ kó so lẹ́tà kan mọ́ fáwẹ́lì méje yẹn: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ó yá, ẹ jẹ́ kó so ègé méjì pọ̀: bà àti tà, bàtà, à àti jọ, àjọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ èyí, á ti yé e pé ohùn ni lẹ́tà ń gbé kalẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tí "a" ní nínú cat kọ́ ló ní nínú cake tàbí call, nítorí náà ọmọ tó ń ṣì í pè kò ya òmùgọ̀.

Ẹ dán ìwé wò kí ẹ tó gbé e fún un. Ẹ ní kó ka ogún ọ̀rọ̀. Bó bá ju méjì lọ tó há a lẹ́nu, ìwé náà ti le jù fún un, ẹ wá èyí tó rọrùn. Kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ praímárì kẹrin máa ka ìwé praímárì kejì nílé. Ẹ kàn má pè é ní ìwé ọmọdé létí rẹ̀.

Àyọkà kékeré kan, bí àádọ́ta ọ̀rọ̀, tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á, kí òun máa fi ìka tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jùmọ̀ kà á. Lọ́jọ́rú, kó dá a kà. Lọ́jọ́bọ̀, kó kà á fún ìyá àgbà tàbí fún àbúrò rẹ̀. Bó bá há níbì kan, ẹ ka ení dé àrún nínú yín, ẹ fi ohùn àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá jáde síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tẹ̀ mọ́lẹ̀ á mú kó gbàgbé ohun tí gbólóhùn náà ń sọ.

Ṣé kí n máa fi Yorùbá ṣàlàyé fún un, àbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan?

Yorùbá. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti dán èyí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ yìí kò gbẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn òbí kan ṣì ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nílé. Ó ń yà wá lẹ́nu.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni nọ́ńbà. 45 ni à ń pè ní márùn-ún dín láàádọ́ta, ọmọ tó bá gbọ́ "àádọ́ta" lè fi 5 ṣíwájú nígbà tó bá ń kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ rí i, ẹ wá fi Yorùbá sọ ohun tí ẹ ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó fi kàwé nílé?

Praímárì kìíní àti ìkejì: ìṣẹ́jú 15. Ìkẹta àti ìkẹrin: 20 sí 25. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà: 30, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún ṣe 20 sí i bí iṣẹ́ bá pọ̀. Wákàtí méjì lórí ìjókòó kan kò jẹ́ nǹkan kan. Ìdajì rẹ̀ ni ọmọ á fi máa wo òrùlé.

Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, kó wá jókòó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣì wà. Bí ẹ bá dúró de iná, ọjọ́ tí wọn ò bá mú un wá ni ìwé kíkà kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò oorun wákàtí 9 sí 12, nítorí náà ẹni tó máa jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ kó tó sùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, oorun ló ń kùn ún.

Ó mọ̀ ọ́n lálẹ́, ó gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀. Kí la máa ṣe?

Ìgbàgbé yẹn kò mọ sórí ọmọ yín. Láti 1885 ni ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti tẹ ohun tó rí nípa rẹ̀ jáde: ohun tuntun máa ń tètè ṣí lọ lórí ẹni, àmọ́ bí a bá ń padà sí i lẹ́yìn àlàfo díẹ̀díẹ̀, á dúró. Ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin sàn ju ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ awo fi ń kó Ifá sórí kò jìnnà sí èyí: wọ́n á mú ojú odù 16 ṣáájú, wọ́n á máa kì í lákìítúnkì, wọ́n á wá bọ́ sí àwọn tó kù títí á fi pé 256, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń gbà.

Ọ̀nà tí a fi ń padà sí i náà ṣe pàtàkì. Roediger àti Karpicke ṣe ìwádìí kan ní 2006 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó tún àyọkà kà ṣe dáadáa jù nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí. Nítorí náà, ẹ má ní "lọ tún un kà." Ẹ ní "pa á dé, kí o sọ fún mi."

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nílé ni páálí. Ẹ gé páálí bísíkíìtì sí wẹ́wẹ́, kó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ wá àpòòwé mẹ́ta: ti ojoojúmọ́, ti ọjọ́ mẹ́tamẹ́ta, ti ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá gbà bọ́ sí àpòòwé tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá kùnà padà sí ti ojoojúmọ́. Tuntun kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ lọ́jọ́ kan. Ibi tí ó máa ń bàjẹ́ sí ni pé òbí á kó ogójì lé e lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àpòòwé ọ̀sẹ̀ tó ń wú lójú rẹ̀ ni àmì tí a sọ lókè, pé òun ń kúrò lójú kan. Ẹ jẹ́ kó máa kà wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Èmi ò kàwé púpọ̀, ọjà ni mo sì ń jókòó sí. Kí ni mo lè ṣe?

Ohun tó pọ̀. Ẹ ò nílò láti mọ ìdáhùn kí ẹ tó lo páálí, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kà á, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú. Ẹ ní kí ọmọ máa kọ́ yín ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Bó bá dé ibi tí kò lè ṣàlàyé, ẹ̀yin àti òun ti rí ibi tó há sí nìyẹn. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé yín lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kó bá yín ṣe ṣéńjì, ẹ má kánjú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni mo lè fi gbà á níyànjú?

Ẹ yin ohun tó ṣe, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀. "O kú iṣẹ́. Mo rí i pé o pa á rẹ́, o tún un ṣe lọ́nà mìíràn" wúlò ju "ọmọ mi gbọ́n gan-an" lọ. Ní 1998, Mueller àti Dweck tẹ ìwádìí jáde nípa èyí. Lẹ́yìn iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ṣe dáadáa, wọ́n yin àwọn kan pé wọ́n gbọ́n, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí iṣẹ́ wá le, àwọn tí wọ́n pè ní ọlọ́gbọ́n ló tètè rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì fẹ́ràn iṣẹ́ tó rọrùn kí orúkọ yẹn má bàa bọ́ lára wọn.

Bó bá ní "mi ò mọ̀ ọ́n," ẹ fi "o ò tíì mọ̀ ọ́n" dá a lóhùn, kí ẹ sì fi ìgbésẹ̀ tó kàn hàn án lójú ẹsẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ ò bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni. Ẹ fi oríkì rẹ̀ kì í nígbà tó bá forí ti nǹkan tó le, ẹ má fi pamọ́ de ìgbà tó bá gbé ipò kìíní. Àṣàkẹ́ tó gbọ́ oríkì rẹ̀ nídìí ìṣirò á tún jókòó lọ́la.

Ṣé ẹgba ò lè jí i díẹ̀?

Kò lè jí i. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ń ṣọ́ ọwọ́ yín, kò rí ohun tó wà nínú ìwé. Á tún kọ́ bí a ṣe ń fi àṣìṣe pamọ́, àṣìṣe yẹn sì ni ẹ̀yin ń wá. Ìbínú yín bá ti ń ru, ẹ pa ìwé dé, ó di ọ̀la.

Ẹ̀bùn ńkọ́?

Kékeré, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn iṣẹ́ tó gba ìpamọ́ra. Ẹ má ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún ipò kìíní: ọmọ tó mọ̀ pé òun ò lè gbé ipò kìíní á jókòó sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Kẹ́hìndé mọ̀ ọ́n, Táíwò ò mọ̀ ọ́n. Báwo la ṣe máa ṣe wọ́n?

Ìka ò dọ́gba, ti ìbejì náà ò dọ́gba. Ẹ pín àkókò wọn níyà: kí ọ̀kan máa kàwé nígbà tí èkejì ń ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó yára máa dáhùn fún èyí tó ń rọra lọ, ó máa ń dà bí ìrànlọ́wọ́ ṣùgbọ́n ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì wá ohun kan tí Táíwò mọ̀ jù, kó jẹ́ òun ni yóò máa kọ́ èkejì níbẹ̀. Bí àbúrò bá ti kọjá ẹ̀gbọ́n ní kíkà, ẹ má ní kí ẹ̀gbọ́n wá kàwé níwájú rẹ̀.

Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Kí ni mo máa bá olùkọ́ sọ?

Ẹ má lọ sí àárọ̀ nígbà tó ń to àwọn ọmọ sórí ìlà. Ẹ lọ lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ mú ìwé ọmọ náà dání, ẹ kí i dáadáa. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ibo ló jókòó sí? Iṣẹ́ wo ló ti máa ń dákẹ́? Ṣé olùkọ́ lè sọ ìbéèrè tí yóò bi í fún un ní ọjọ́ kan ṣáájú? Èyí kẹta yìí kò ná olùkọ́ ní nǹkan kan. Ọmọ tó ti múra ìdáhùn kan sílẹ̀ á nawọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbọ́ ọ tó gbà á. Bó bá jẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń pè é ní olódo, ọ̀gá ilé ìwé ni kí ẹ rí.

Ṣé lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tí à ń sanwó fún, ló máa yanjú rẹ̀?

Bí lẹ́sìn bá jẹ́ ogójì ọmọ nínú yàrá kan tí wọ́n ń tún iṣẹ́ ọ̀sán sọ, owó yín ló ń lọ. Ó wúlò bí olùkọ́ náà bá gbà láti padà sí ibi tí ọmọ há sí. Ẹ bi í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé kí ni ohun kan pàtó tí ọmọ yín kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó ti mọ̀ báyìí. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìgbà wo ló yẹ ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn?

Kó tó di pé ẹ gbà pé kò gbọ́n ni. Ojú ni ẹ kọ́kọ́ wò: ẹ bo ojú kan, kó fi èkejì ka aago ògiri láti òdìkejì yàrá, kí ẹ wá pààrọ̀. Etí ló kàn: ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rọra pe orúkọ nǹkan mẹ́fà, kó máa tún un pè. Etí tó ti ń ṣọyún rí ni kí ẹ fura sí jù. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, tàbí tí ibà ń dà láàmú lemọ́lemọ́, tàbí tí jínótáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, a sì máa ń pè é ní ọ̀lẹ.

Èyí tó ṣòroó dá mọ̀ ni dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó gbọ́n nínú eré, àmọ́ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, kò lè so ohùn mọ́ lẹ́tà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta lójú ìwé kan. Kí ọmọ ọdún márùn-ún máa kọ b dípò d kò tíì jẹ́ àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe é. Ó máa ń wà nínú ẹbí, nítorí náà ẹ béèrè bóyá bàbá tàbí àbúrò bàbá ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà níbí fún wa, ilé ìwòsàn Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ sì wà fún àwọn ará Iléṣà. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ ọmọ náà dání lọ.

Wọ́n ní kó tún kíláàsì ṣe. Ṣé ká gbà?

Ẹ béèrè ohun tí yóò yàtọ̀ ní ọdún tuntun náà. Bí yóò bá jẹ́ olùkọ́ kan náà, ìwé kan náà àti ọ̀nà kan náà, ohun tí kò yé e lọ́dún yìí á tún kọjá lórí rẹ̀, ìtìjú á sì kún un. Bó bá jẹ́ pé àìsàn ló mú un pàdánù sáà kan, tàbí pé òun ló kéré jù ní kíláàsì, títún un ṣe lè dára. Ẹ sọ fún un fúnra yín kí ìròyìn tó jáde, kó má jẹ́ ojú pátákó ni yóò ti rí i.

Ó fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ pátápátá. Ṣé ká jẹ́ kó fi í sílẹ̀?

Ìwé kíkà àti ìṣirò, rárá. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọ́ ọ ni kí ẹ yí padà. Àmọ́ ohun tó fúnra rẹ̀ mú, bí ìlù tàbí eré ìje, lè jẹ́ ohun tí kò bá a lára mu lóòótọ́.

Ẹ má jẹ́ kó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kùnà. Ẹ dá ọjọ́ kan sọ, ìparí sáà fún àpẹẹrẹ, kó ṣe é déédéé títí di ìgbà náà, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wá sí ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Bí ọjọ́ náà bá pé, ẹ bi í lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bó bá ṣì ní òun ò fẹ́ mọ́, ẹ gbà fún un, kí ẹ má sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ síwájú àlejò.